Aya Tó Wà Nínú Ìwé Rélùwéè

Èémí tí Káfíńtà ń mí ní àárọ̀ ọjọ́ náà kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Bó bá ti fẹ́ mí ju bẹ́ẹ̀, nǹkan á gún un lábẹ́ ọmú òsì, á sì dúró gbagidi bíi pákó tí wọ́n kàn mọ́ ògiri. Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, jókòó sẹ́bàá ibùsùn, ó ń wò ó bí ẹni ń wo ìkòkò tó fẹ́ hó.

"Ẹ mí sí i díẹ̀, Bàbá àwọn ọmọ."

"Mo ti... mí tán."

Ní ìrọ̀lẹ́ àná ni ọkọ̀ ojú irin tó ń gbé e bọ̀ láti ibi iṣẹ́ lọ kọlu tírélà kan níbi tí títì ti dábùú ojú irin. Ọ̀pá tó yẹ kó dá ọkọ̀ dúró níbẹ̀ ti ṣẹ́ láti ọdún tó kọjá. Bàbá tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n ṣe ìsìn ìdúpẹ́ fún un, wọ́n fún un ní aago ògiri, wọn ò sì fi ẹlòmíràn sípò rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé lọ́dún yìí tí ọkọ̀ akẹ́rù àti ọkọ̀ ojú irin á forí gbárí níbẹ̀. Fóòmù ni tírélà náà kó, fóòmù tí à ń sùn lé, tuntun, nínú ọ̀rá. Gbogbo rẹ̀ dà sí ẹ̀gbẹ́ ojú irin, ó tẹ́ lọ rẹrẹ bíi yàrá àlejò ọba. Ṣùgbọ́n inú ọkọ̀ ni àwọn èrò wà, tí wọ́n ń fò kúrò lórí ìjókòó, tí wọ́n ń lọ fi ara na irin. Nínú gbogbo fóòmù yẹn, kò sí ẹnì kan ṣoṣo tó rí ọ̀kan ṣubú lé. Àpótí irinṣẹ́ tí Káfíńtà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn, tó sì gbé lé itan, ló gbá a láyà.

"Mo sọ fún un," ni Màmá, ìyá Káfíńtà, wí bó ṣe ń gbé àwo ẹ̀wà wọlé. "Mo ní, má jókòó síwájú ọkọ̀. Kí lò ń wá níwájú? Ṣé ìwọ lò ń wà á ni?"

"Màmá, ẹ̀yìn ni wọ́n jókòó sí," ni aránṣọ dáhùn.

Màmá dúró, ó rò ó wò. "Kí ló wá dé tí kò lọ jókòó síwájú?"

Ó gbé ẹ̀wà náà kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife tíì tí aránṣọ ti rẹ búrẹ́dì sí. Àwọn méjèèjì wo oúnjẹ ara wọn bí ẹni ń wo ajá àlejò.

"Ẹ̀wà ló ń so egungun pọ̀," Màmá wí.

"Ẹ̀wà a máa fẹ́nú, Màmá. Inú tó bá sì fẹ́, á ti àyà lókè."

"Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi fún un lẹ́wà kó tó mọ̀ ọ́. Ṣé inú rẹ̀ bẹ́?"

"Ó kù díẹ̀ kó bẹ́ nígbà tí wọ́n fẹ́ mi, Màmá. Èmi ni mo gbà á là."

Káfíńtà fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ìrora pàdé ẹ̀rín náà ní agbede méjì, ó di ẹ̀gbẹ́ mú, omi sì lé sí i lójú. Ètè rẹ̀ ti fẹ́ máa dúdú ní etí. Ìyá àti aya rí i lẹ́ẹ̀kan náà. Kò tún sẹ́ni tó dárúkọ ẹ̀wà mọ́.

Gáàdì ọkọ̀ ojú irin ti yí àárín àwọn tó farapa ká lánàá pẹ̀lú pẹ́ńsù rẹ̀. Ó ń bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan pé, "Níbo ló ń dùn ọ́?" ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n wá sí ilé ìwòsàn rélùwéè lónìí, dókítà á wò wọ́n, wọ́n á fi ẹ̀rọ ya fọ́tò egungun wọn, ẹnikẹ́ni kò sì ní san nǹkan kan. Ṣùgbọ́n aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa pa ìwé dé. Ẹni tí dókítà kò bá tíì rí nígbà náà, lójú rélùwéè, kò farapa.

"Kò farapa kẹ̀?" Alágbàfọ̀, aládùúgbò wọn, ló yọrí lójú fèrèsé, bí ọ̀rọ̀ bá ti dùn, kì í ní sùúrù dé ẹnu ọ̀nà. "Ṣé aago mẹ́rin ló ń to egungun ni? Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá ti lọ ra aago fún ẹ̀yìn mi."

"Ẹ bá wa wá bí a ṣe máa gbé wọn débẹ̀," ni aránṣọ wí. "Wọn ò lè rìn."

"Ọmọlanke mi wà níta, ìyàwó wa. Àmọ́ aṣọ bẹ́ẹ̀dì hòtẹ́ẹ̀lì ló wà nínú ẹ̀, mo ti lọ̀ ọ́ tán. Kó má làágùn sí i o."

Bí wọ́n ṣe gbé Káfíńtà jáde nìyẹn, tí wọ́n tẹ́ ẹ sórí aṣọ funfun, nínú ọmọlanke. Alágbàfọ̀ ń tì í láti ẹ̀yìn, aránṣọ di ẹ̀gbẹ́ kan mú kó má máa gbọ̀n jù, Màmá sì gbé ẹ̀wà tẹ̀lé wọn nínú abọ́ olómọrí, nítorí ọjọ́ ò mọ ibi tó máa parí sí. Wọn ò tíì rìn dé ìkángun òpópónà tí obìnrin kan fi sọ agbọ̀n rẹ̀ kalẹ̀, tó ká ọwọ́ lérí.

"Yé! Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú!" Alágbàfọ̀ fèsì.

"Kí ni aṣọ funfun wá ń ṣe lára ẹ̀?"

"Ti hòtẹ́ẹ̀lì ni!"

"Hòtẹ́ẹ̀lì ló kú sí? Olúwa ṣàánú! Ṣé ìyàwó rẹ̀ mọ̀?"

"Èmi nìyàwó rẹ̀," ni aránṣọ dáhùn, "wọ́n sì ń gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ ń sọ."

Káfíńtà gbé ọwọ́ kan sókè láti fi kí obìnrin náà. Obìnrin náà fi agbọ̀n rẹ̀ sílẹ̀, ó sá.

"Ẹ má pa mí... lẹ́rìn-ín," ni Káfíńtà bẹ̀bẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́."

Nígbà tí wọ́n máa dé ilé ìwòsàn rélùwéè, oòrùn ti wà ní àárín orí. Bẹ́ǹṣì mẹ́rin wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, èrò sì kún un dẹ́nu. Ọ̀kan gbé ẹsẹ̀ lé orí àpótí, ọ̀kan fi gèlè so apá kọ́rùn, obìnrin kan sì yí ọrùn sí apá ọ̀tún bí ẹni tí wọ́n ń pè láti ibẹ̀. Ojú gbogbo wọn le. Lójú fèrèsé kékeré ni Akọ̀wé jókòó sí, ọkùnrin mímọ́ tónítóní tí kọ́là rẹ̀ le bíi pátákó. Ìwé títẹ̀ kan wà níwájú rẹ̀, ó sì fi rúlà dí i, kí ojú rẹ̀ má baà ṣìnà láti orí ìlà kan bọ́ sórí òmíràn. Aago ògiri wà lókè orí rẹ̀.

Aago yẹn ti kọjá méjì ààbọ̀ kó tó kàn wọ́n.

"Káfíńtà," ni Akọ̀wé kà. Ó sún rúlà. "Aya."

"Àwọn nìyí," ni aránṣọ wí, ó tọ́ka sí ọkọ rẹ̀.

"Rárá o. Mo ní aya. Aya rẹ̀ dà?"

"Èmi ni aya rẹ̀."

Ojú Akọ̀wé rọ̀. Ó dìde. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Màdáámù. Ẹ kú ìnira, Olúwa á wò yín sàn. Nọ́ọ̀sì! Ẹ wá bá mi mú màmá yìí wọlé, ẹ rọra o, wọ́n ti fi ìnira dúró pẹ́ jù."

Nọ́ọ̀sì méjì jáde. Ọ̀kan di apá ọ̀tún aránṣọ mú, ìkejì di apá òsì, wọ́n sì ti bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kó tó rí ohùn sọ.

"Ẹ dúró! Kí ló ṣe mí? Èmi ò sí nínú ọkọ̀! Ilé ni mo wà lánàá, mò ń rán aṣọ ilé ìwé!"

"Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n máa ń wí," Akọ̀wé sọ fún àwọn nọ́ọ̀sì jẹ́jẹ́. "Ẹni tó bá forí gbá nǹkan kì í rántí."

"Orí mi ò gbá nǹkan kan. Àti pé mi ò ní purọ́ nítorí ìwòsàn ọ̀fẹ́. Ẹni tó ka irun orí wa mọ ibi tí mo wà. Mi ò wọ ọkọ̀ ojú irin láti ọdún mẹ́ta."

Akọ̀wé jókòó padà. Ó tún ìlà náà kà, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́. "Màdáámù, ìwé rélùwéè kì í purọ́. Ohun tó wà níbí ni pé, Káfíńtà, aya. Aya kan farapa. Bí kì í bá ṣe ẹ̀yin..." Ó wo Káfíńtà, ó sì yára gbé ojú kúrò, bí ẹni tó ṣèèṣì ṣí ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀.

Ẹni tó ń kérora lórí bẹ́ǹṣì kejì dá ìkérora rẹ̀ dúró láti gbọ́ dáadáa.

Aránṣọ wọ bàtà rẹ̀ padà. Ó rọra wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ló lọ bá ọmọlanke tí wọ́n gbé sẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá àwọn ọmọ. Ta lẹ bá wọ ọkọ̀ lánàá?"

"A...ya," ni Káfíńtà mí jáde. "Aya... ló ń dùn mí."

"Mo ti gbọ́ pé aya ni. Aya wo? Ó ń dùn yín kẹ̀! Èmi wá ńkọ́, ṣé kò ní dun èmi?"

Ẹni tí kò ní èémí kò lè gbé ohùn sókè, kò sì lè rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Orí ìlà kan ṣoṣo ni gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa wà, bíi okùn tí wọ́n ń sá aṣọ lé. Káfíńtà sọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìgbà kọ̀ọ̀kan ló sì tún jẹ̀bi sí i.

"Ọmọ mi ò lè ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀," Màmá wí. Ó súnmọ́ Akọ̀wé. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n kọ ọ́ bóyá ó mọ oúnjẹ sè?"

"Màmá!"

"Mo kàn bèèrè ni."

"Káfíńtà, ìwọ náà kẹ̀?" Alágbàfọ̀ mi orí. "Mo sì ń fi aṣọ oníbàárà gbé ẹ kiri. Ọ̀rẹ́, ó yẹ kí o sọ fún mi. Kì í ṣe pé kí n lè jẹ́rìí o. Kí n kàn lè mọ̀ ni."

Káfíńtà wo ojú ìyàwó rẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ ti di bíi ti eérú. Ó mú ọwọ́ obìnrin náà, ọwọ́ kan náà tó fẹ́ fà sẹ́yìn, ó gbé e lé abẹ́ ọmú òsì rẹ̀. Níbẹ̀, lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ aránṣọ, nǹkan kan yẹ̀ díẹ̀, ó sì padà, bí ẹsẹ̀ àga tí ìṣó rẹ̀ ti tú.

Ó fọwọ́ síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yí padà, tó sì bọ́ sójú fèrèsé.

"Ẹ jẹ́ kí n rí ìwé yẹn."

"Ìwé iṣẹ́ ni, Màdáámù. A kì í fi han..."

Ó ti fà á. Ó wò ó. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ láti òkè dé ilẹ̀, kò sí àmì kan lórí lẹ́tà, kò sí ẹ̀rún kan nísàlẹ̀. *Kafinta, aya.*

"Bàbá, àwọn àmì ọ̀rọ̀ dà?"

"Ẹ̀rọ ọ́fíìsì wa kò ní àmì. Pẹ́ńsù gáàdì ní in, ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ ti wọ fáìlì."

"Àyà ni ẹ̀yin ń pè ní aya! Àyà! Àyà ọkọ mi ló fọ́, ẹ̀yin ń wá ìyàwó!"

Akọ̀wé wo ìwé, ó wo Káfíńtà, ó tún wo ìwé. Ó fi ọwọ́ kan kọ́là rẹ̀. "Màdáámù, ẹ má bínú. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó. Ṣebí inú egungun ìhà ọkùnrin ni Ọlọ́run ti mú aya jáde. Bí a bá wò ó dáadáa, ọ̀kan náà ni."

"Ẹ lọ ya fọ́tò egungun ìhà tó kù, nígbà náà! Aago ń lọ!"

"Mi ò lè yí ìwé iṣẹ́ padà."

"Ẹ ò ní yí i. Ìhòòhò ló wà, a kàn fẹ́ dé e ní fìlà ni." Ó mú bírò lójú tábìlì. Ìwé orin ló fi kọ́ ìwé kíkà ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, lábẹ́ ọ̀gá akọrin kan tó gbà pé ẹni tó bá kọrin sí Olúwa láìsí àmì lè bú U láìmọ̀. Ó fi fìlà kan lé ẹ̀yìn, ó fi òmíràn lé iwájú. *Àyà.* "Ó yá, ẹ kà á."

"Àyà," ni Akọ̀wé kà, bí ọmọ kékeré.

Àwọn nọ́ọ̀sì méjèèjì fi aránṣọ sílẹ̀, wọ́n gbé ọkọ rẹ̀ wọlé, tòun ti aṣọ hòtẹ́ẹ̀lì. Alágbàfọ̀ ń sá tẹ̀lé wọn, ó ń pariwo pé aṣọ mẹ́rin ni, òun ti kà á.

Ìgbà náà ni àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn. Tíṣà arúgbó kan tó gbé ẹsẹ̀ lé àpótí ló kọ́kọ́ ké. "Ẹ̀ṣẹ̀! Láti aago mẹ́jọ ni ọkùnrin yìí ti ní kí n máa lọ, pé wọn kì í wo ẹ̀ṣẹ̀ sàn níbí, kí n lọ bá pásítọ̀! Mo ti fẹ́ jẹ́wọ́ tán!"

"Tìrẹ kéré," ni obìnrin tó yí ọrùn wí. "Ó ní wọ́n ti kọ mí sí ọ̀run. Ó ní kí àwọn ẹbí mi wá gba òkú mi."

"Èmi, owó," ni ẹni tó so apá kọ́rùn wí. "Ó ní ojúkòkòrò ni mo bá wá."

Wọ́n tò sẹ́yìn aránṣọ bí àwọn oníbàárà tó máa ń tò sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bí ọdún bá ku ọ̀la. Ó ń dé ọ̀rọ̀ ní fìlà, ó ń kan bọ́tìnì sí wọn nísàlẹ̀: ẹsẹ̀, ọrùn, ọwọ́. Ọkùnrin kan tí wọ́n kọ ẹyin fún gba ẹ̀yìn rẹ̀ padà. Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín, pàápàá ẹni tó wà lọ́run, tí kò lè mi orí. Bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín. Màmá ṣí abọ́ ẹ̀wà, ó ń bù ú fún wọn lórí ọmọrí.

Dókítà obìnrin jáde wá. Egungun ìhà méjì ló ṣẹ́, ó wí, ọ̀kan ti kọjú sínú. Bó bá sùn mọ́jú bẹ́ẹ̀ ni, ì bá ti gún ẹ̀dọ̀fóró. Wọ́n ti dè é báyìí, ó sì ń mí. "Ẹ má jẹ́ kó rẹ́rìn-ín fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà."

"Nínú ilé tiwa?" ni aránṣọ béèrè. Ó jókòó. Ó ń fi bírò nu ojú láìmọ̀, gbogbo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì di búlúù.

Ìlà kan ṣoṣo ló kù tí kò tíì ní àmì, nísàlẹ̀ ìwé pátápátá. Ó fẹ́ kàn án parí kó dìde. Ó kà á. Ó tún un kà.

"Bàbá," ó wí fún Akọ̀wé, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà. "Ẹ wo èyí. *Omobinrin, odun mesan. Aya.*"

Akọ̀wé wò ó.

"Ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́sàn-án," ni aránṣọ wí. "Ta ni aya rẹ̀?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

"Ìyá rẹ̀ gbé e wá láàárọ̀ kùtùkùtù," Akọ̀wé wí. Ó ti bọ́ kọ́là rẹ̀ sílẹ̀. "Mo ní kí wọ́n lọ mú aya wá. Ìwé ni mo tẹ̀ lé. Mi ò... mi ò wo ọmọ náà."

Aago ògiri fẹ́ lu mẹ́rin. Dókítà gun àga, ó sì fa bátìrì aago náà yọ. "Mú àdírẹ́sì wá," ó wí. "Ẹ wa ọkọ̀ jáde."

Nọ́ọ̀sì kan bá wọn lọ, aránṣọ sì lọ pẹ̀lú, nítorí pé òun nìkan ló mọ ohun tí wọ́n máa sọ fún ìyá ọmọ náà. Yàrá kan ni, lẹ́yìn ilé tí wọ́n ti ń ta èédú. Ìyá náà kò sí nílé. Ìyá arúgbó kan tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní ó ti lọ sí ọ́fíìsì àgbà láti lọ bẹ̀ wọ́n, pé láti àárọ̀ ló ti ń lọ láti ọ́fíìsì kan dé òmíràn.

Ọmọ náà wà lórí ẹní, ó fẹ̀yìn ti ògiri pẹ̀lú ìrọ̀rí méjì, ó ń mí kéékèèkéé. Ojú rẹ̀ mọ́ kedere. Ó wo obìnrin àjèjì náà, tòun ti yíǹkì búlúù tó kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, láti òkè dé ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń jáde ní méjì-méjì.

"Wọ́n ní mi ò... lè rí dókítà... àfi bí mo bá mú... ìyàwó mi wá. Màmá mi ní... òun lọ wá a." Ó sinmi. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ̀yin ni?"

Nọ́ọ̀sì kọjú sí ògiri.

Aránṣọ kúnlẹ̀ lórí ẹní. Ó ti ọwọ́ kan bọ abẹ́ orúnkún ọmọ náà, ó ti èkejì bọ ẹ̀yìn rẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń gbé aṣọ tí wọn ò tíì rán pọ̀.

"Èmi ni," ó wí. "Ẹ jọ̀ọ́, olówó orí mi. Mo pẹ́ lọ́nà."